Ìbéèrè Yín Lórí Ọkọ̀ Kékeré: Omi, Ọ́ìlì, Táyà àti Bíréèkì

Ẹ kú ojú lọ́nà o, ẹ̀yin olùkàwé wa. Lẹ́tà pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wa ọkọ̀ kékeré ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn sì ti wá, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju lítà 1.0 sí 1.8 lọ. Mo fẹ́ràn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í mu epo jù, ó rọrùn láti páàkì, ọwọ́ sì máa ń tètè tó ohun tó bá bàjẹ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò ní yéé tẹnu mọ́: ọkọ̀ kékeré kò ní àjẹṣẹ́kù. Ọ́ìlì rẹ̀ kò pọ̀, omi rédíétọ̀ rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, kò pọ̀, táyà rẹ̀ kéré. Àdínkù tí ọkọ̀ ńlá á mú mọ́ra fún ìgbà pípẹ́, tó bá ṣẹlẹ̀ nínú tiyín, kíá ni ìyọnu dé. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka àwọn ìdáhùn wọ̀nyí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tí mo bá wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, abẹ́rẹ́ tó ń ka ooru ẹ́ńjìnnì máa ń gòkè títí yóò fi sún mọ́ pupa. Tí ọ̀nà bá là, tí mo wá ń sáré, á padà sí àárín. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní kí n jẹ́ kí òun yọ tamọsítaàtì dànù. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ má gbà. Bí ẹ ṣe ròyìn rẹ̀ yìí ti fi ibi tó yẹ ká wò hàn. Tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń fẹ́ sí rédíétọ̀. Tó bá dúró, kò sí atẹ́gùn mọ́ àfi èyí tí fáànù bá fẹ́. Ọkọ̀ tó ń gbóná lórí ìdúró, tó ń tutù lórí eré, fáànù rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ní ìta gbangba, ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kí ẹlòmíì wá tan amúlétutù nínú ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kò ní pẹ́ tí fáànù á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ibẹ̀ o, nítorí ó lè dédé yí kódà lẹ́yìn tí ẹ ti pa ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá yí, fíúsì rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà rilé (swíìṣì tó ń gbé iná fún fáànù), kí ẹ tó wá kan mọ́tò fáànù àti wáyà rẹ̀. Bó bá ń yí dáadáa, ẹ wo ojú rédíétọ̀ fúnra rẹ̀. Eruku, kòkòrò àti ewé máa ń dí àárín àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn débi pé atẹ́gùn kò ní rí ibi gbà kọjá.

Tamọsítaàtì tí wọ́n fẹ́ jù nù yẹn, fáàfù kékeré kan ni. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó máa ń ṣí fún omi láti kọjá sí rédíétọ̀ nígbà tí ooru bá dé bíi 82°C sí 90°C. Bó bá há ní títì, ọkọ̀ yín ì bá máa gbóná lórí eré náà, kò ní jẹ́ lórí ìdúró nìkan. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì kò ní tètè gbóná débi tó yẹ. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé ṣẹ̀ṣẹ̀ ni ẹ tan án, á wá máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀rinrin tó ń wọ inú ọ́ìlì kò sì ní rí ooru tó máa lé e jáde. Ẹ ò ní gbóná mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n epo á máa tán, ẹ́ńjìnnì á sì máa jẹ ara rẹ̀ láìpariwo. Bí tamọsítaàtì bá bàjẹ́, òmíràn ni kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Kí ẹ tó rí ẹni tó máa bá yín tún fáànù ṣe, ẹ mọ ohun tí ẹ máa ṣe tí abẹ́rẹ́ bá tún ń gòkè. Ẹ pa amúlétutù, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, kí ẹ wá tan hítà dé òpin. Òógùn á bò yín, mo mọ̀, ṣùgbọ́n rédíétọ̀ kékeré kejì ni hítà jẹ́, ó ń fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Bí abẹ́rẹ́ kò bá wálẹ̀, ẹ yà síbi tó láàbò, kí ẹ pa ọkọ̀.

Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀. Mo tún un sọ: ẹ má ṣí i. Omi tó wà ní gbangba máa ń hó tó bá dé 100°C. Nínú rédíétọ̀, ìdérí yẹn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí náà ó lè gbóná kọjá 100°C dáadáa láìhó. Bí ẹ bá ṣe ń tú ìdérí náà báyìí, omi á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tú jáde sí ojú àti àyà ẹni tó dúró síbẹ̀. Mo ti rí àpá rẹ̀ lára ọmọṣẹ́ méjì kan, kò ṣeé wò. Ẹ dúró ó kéré tán ìdajì wákàtí, títí ọwọ́ yín á fi lè wà lára páìpù òkè láìta yín, kí ẹ tó fi aṣọ tó nípọn yí ìdérí náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sì da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tó ń jó fòfò, irin inú rẹ̀ lè sán.

Omi tí ẹ máa dà síbẹ̀ ńkọ́? Kúláǹtì tí ìwé ọkọ̀ yín dárúkọ ni. Bó bá jẹ́ èyí tí wọn kò tíì pò, ìlàjì rẹ̀ àti ìlàjì omi dísítílì (èyí tí wọ́n ti yọ ohun tó pò mọ́ ọn kúrò) ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lò. Omi ẹ̀rọ lásán máa ń fi èérún sílẹ̀ nínú ihò tín-ín-rín, ó ń mú irin dípẹtà, kò sì ní ohun tí kúláǹtì ní tó ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó hó. Bí omi rédíétọ̀ bá ń dín láìsí pé ẹ rí ibi tó ń jò, ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì lórí ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá tutù, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀rá funfun tó ki bá lẹ̀ mọ́ ọn, tí èéfín funfun sì ń jáde nídìí sàlẹ́ńsà láìdáwọ́ dúró, ó ṣeé ṣe kí tọ́pù-gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ti jó. Orí ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, gbígbóná àgbónájù sì máa ń tẹ̀ ẹ́. Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò. Fáànù tí kò yí yẹn ni ìrókò tiyín.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ọkọ̀ mi ti rìn ju 200,000 kìlómítà lọ. Ìwé rẹ̀ ní kí n máa lo ọ́ìlì 5W-30, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí mo bá bi ń sọ pé ẹ́ńjìnnì tó ti dàgbà, ọ́ìlì tó ki bíi 20W-50 ló yẹ ẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ìwé ọkọ̀ ni. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, èyí tó tẹ̀ lé e ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé 100°C. Ẹ́ńjìnnì kékeré ìwòyí ní ihò ọ́ìlì tó tín-ín-rín gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, agbára ọ́ìlì yẹn náà ló ń yí àkókò tí àwọn fáàfù ẹ́ńjìnnì (ilẹ̀kùn kékeré tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, kí èéfín sì jáde) máa ń ṣí padà. Ọ́ìlì tó ki jù á pẹ́ kó tó dé òkè láàárọ̀, irin á sì ti máa ha irin kó tó dé. Àwọn ìwé ọkọ̀ kan máa ń to oríṣi ọ́ìlì méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ fún ibi tí ooru ti pọ̀. Bí tiyín bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ yan nínú èyí tó kọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń mu ọ́ìlì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ìdí rẹ̀, kí wọ́n má fi ọ́ìlì tó ki bò ó mọ́lẹ̀.

Àmọ́ ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì kékeré jù lójú mi ni pé a kì í wọn ọ́ìlì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbà ju bíi lítà 3.5 sí 4.5 lọ. Láàárín àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè lára ọ̀pá ìwọ̀n, ó sábà máa ń tó bíi lítà kan. Ẹni tí ọ́ìlì rẹ̀ wà ní àmì ìsàlẹ̀ ti pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ohun tó ń dáàbò bo ẹ́ńjìnnì rẹ̀, iná pupa kò sì tíì tàn o! Iná yẹn kì í sọ pé ọ́ìlì ń dín lọ, ohun tó ń sọ ni pé kò sí agbára ọ́ìlì mọ́. Tó bá tàn, ẹ pa ẹ́ńjìnnì níbi tí ẹ bá wà, bí ibẹ̀ bá ṣe láàbò sí. Ẹ má ní ẹ fẹ́ rọra wà á délé.

Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Láàárọ̀, kí n tó tan ọkọ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Mo á fa ọ̀pá náà yọ, mo á nù ún pẹ̀lú aṣọ tí kì í ru, mo á tì í wọlé dé òpin, mo á tún fà á yọ. Mo á gbé e dùbúlẹ̀ kí ọ́ìlì má bàa ṣàn, mo á wá wo ojú méjèèjì. Níbi tí ojú méjèèjì bá ti yàtọ̀ síra, èyí tó wà nísàlẹ̀ ni mo ń gbà. Lẹ́yìn náà ni mo á fi àtàńpàkò àti ìka kejì ra ọ́ìlì náà. Bó bá ń ha ọwọ́ bí iyanrìn kíkúnná, ìdọ̀tí tàbí irin ti wà nínú rẹ̀. Ti pé ó dúdú kò dẹ́rù bà mí, ọ́ìlì tó ń ṣiṣẹ́ máa ń dúdú. Ẹ má sì dà á kọjá àmì òkè, nítorí irin tó ń yí nísàlẹ̀ á máa nà án di ìfóòfó, ìfóòfó kì í sì í dáàbò bo nǹkan kan.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ọkọ mi máa ń fi jíà sí N (nútírà) tí a bá ń sọ̀kalẹ̀ orí òkè, ó ní bẹ́ẹ̀ ni epo ṣe ń pẹ́. Òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí wọn, kí ẹ sì rọra sọ fún wọn pé ayé kabúrétọ̀ nìyẹn. Nínú ọkọ̀ tó ń fi nọ́sù da epo, tí jíà bá wà ní D, tí ẹsẹ̀ sì kúrò lórí epo lórí ìsọ̀kalẹ̀, kọ̀ǹpútà sábà máa ń sé epo pátápátá, táyà ni yóò máa yí ẹ́ńjìnnì. Tó bá wà ní N, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jẹ epo kó má bàa kú. Yàtọ̀ sí èyí, ìwúwo ọkọ̀ àti gbogbo yín ti wà lọ́rùn bíréèkì nìkan, bíréèkì tó bá sì gbóná jù kì í mú mọ́. Bí òkè náà bá ga, kí wọ́n fi jíà sí L tàbí 2.

Ìbéèrè: Fọganáísà mi máa ń fún táyà mi ní atẹ́gùn 44 nítorí 44 ni wọ́n kọ sára táyà náà. Ọkọ̀ wá ń fò lórí ọ̀nà. Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá táyà kékeré tín-ín-rín tó wà nínú búùtù mi ṣeé gbé rìnrìn àjò.

Ìdáhùn: Ẹni tó ṣe táyà ló kọ 44 yẹn. Ohun tó ń sọ ni ìwọ̀n tí táyà náà kò gbọ́dọ̀ kọjá. Kò mọ irú ọkọ̀ tí ẹ máa fi í sí. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo ara férémù rẹ̀, ìwé kékeré kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Tiyín gan-an ni wọ́n kọ síbẹ̀, ti iwájú lọ́tọ̀, ti ẹ̀yìn lọ́tọ̀, nígbà mìíràn èyí tí ẹ máa lò tí ẹrù bá kún pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré wà láàárín 30 sí 36 psi, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn táyà. Ìgbà tí táyà bá tutù ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, tó bá ti dúró bíi wákàtí mẹ́ta, nítorí ìrìn máa ń mú atẹ́gùn inú rẹ̀ gbóná kó sì lé sí i.

Ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà láti inú lọ síta, kí ẹ sì tún rà á padà. Atẹ́gùn tó pọ̀ jù máa ń jẹ àárín, èyí tó kéré jù máa ń jẹ etí méjèèjì. Bó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo ló ń tán, tàbí tí ojú rẹ̀ ń dán tí ẹ bá rà á lọ ṣùgbọ́n tó ń gé yín lọ́wọ́ tí ẹ bá rà á bọ̀, ẹ lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì, ìyẹn títún ìdúró táyà ṣe kó lè tọ́. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àkọlé DOT lára rẹ̀ pẹ̀lú: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà lè dúró sí búùtù kí ojú rẹ̀ má jẹ rárá, kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbó.

Táyà tín-ín-rín yẹn kì í ṣe ti ìrìn àjò. Ibi tí wọ́n ti máa lẹ táyà yín ni kó gbé yín dé. Ẹ má kọjá 80 kìlómítà ní wákàtí kan lórí rẹ̀. 60 psi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń rántí wọn tirẹ̀ kò wọ́pọ̀, títí di òru ọjọ́ tó bá nílò rẹ̀. Tí ẹ bá ń dì í, ẹ máa di nọ́ọ̀tì rẹ̀ ní ìdojúkọ-ìdojúkọ, ẹ má tò wọ́n yíká, kí wíìlì lè jókòó dọ́gba.

Ìbéèrè: Iná ẹ́ńjìnnì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù mi, àmọ́ ọkọ̀ ń lọ dáadáa. Ṣé kí n páàkì?

Ìdáhùn: Bó bá tàn láìṣẹ́jú, ẹ lè wà á débi tí wọ́n ti máa fi ẹ̀rọ ka kóòdù rẹ̀ fún yín. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ dé ìdérí táńkì epo yín dáadáa, nítorí òun náà lè tan iná yẹn. Ṣùgbọ́n bó bá ń ṣẹ́jú, tí ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, ẹ dín eré kù, kí ẹ sì dúró láìpẹ́. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn sìlíńdà kò jóná dáadáa. Epo tí kò jó ń lọ jó nínú ẹ̀yà tó ń fọ èéfín lábẹ́ ọkọ̀, ó sì ń bà á jẹ́. Ẹ̀yà yẹn sì wọ́n gan-an.

Ìbéèrè: Ọ́ìlì bíréèkì mi ń dín díẹ̀díẹ̀. Mo kàn ń bù ú kún ni.

Ìdáhùn: Ẹ dáwọ́ dúró ná. Bí páàdì bíréèkì bá ṣe ń jẹ ni ọ́ìlì náà ń sọ̀kalẹ̀, nítorí náà páàdì ni kí ẹ wò. Bó bá ti ku bíi mìlímítà 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí páàdì bá ṣì nípọn, ó ń jò níbì kan nìyẹn, kí ọkọ̀ má sì rìn títí wọ́n á fi rí i. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra nínú atẹ́gùn, omi inú rẹ̀ á sì máa hó tí bíréèkì bá gbóná. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìwé ọkọ̀ fi ní ká pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún 2 sí 3.

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣẹ̀ṣẹ̀ ni mo kọ́ ọkọ̀ wíwà. Òjò ń rọ̀, ọkọ̀ kan já sí iwájú mi, mo tẹ bíréèkì gan-an, ló bá ń gbọ̀n jìgìjìgì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀rù bà mí, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọkọ̀ yẹn tètè kọjá. Ṣé bíréèkì mi ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kú ewu, ọmọ mi. Bíréèkì rẹ kò bàjẹ́. ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há, ni ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń di táyà mú, ó ń tú u sílẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí táyà má bàa há kó máa yọ̀ lórí omi. Nítorí táyà kò há, ṣítíárìn ṣì ń gbọ́ tìrẹ. Gbígbé tí o gbé ẹsẹ̀ kúrò yẹn ló léwu. Nígbà mìíràn, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára ẹsẹ̀ rẹ, má fún un ní ìsinmi, má máa tẹ̀ ẹ́ tú u, kí o sì darí ọkọ̀ sí ibi tó ṣófo.

Mo fẹ́ kí o lọ fi ara rẹ mọ́ ọn. Wá pápá gbalasa tí kò sí ènìyàn lẹ́yìn òjò, kí àgbà awakọ̀ kan jókòó tì ọ́, sáré dé bíi 40 kìlómítà ní wákàtí kan, kí o wá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbọ̀n. Tún un ṣe títí àyà rẹ kò fi ní já mọ́. Fi èyí náà kún un: bí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí bíréèkì máa gbé ọ dé kó tó dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, wo òpó kan tí ọkọ̀ iwájú bá kọjá. Ó kéré tán, kí ìṣẹ́jú àáyá méjì kọjá kí ìwọ náà tó dé ibẹ̀. Tí òjò bá ń rọ̀, sọ ọ́ di mẹ́rin.

Ìbéèrè: Ọkọ̀ mi kú sínú omi tó kún ojú ọ̀nà. Mo ti gbìyànjú àtitan án, kò yí rárá, àfi bí ẹni pé ó há.

Ìdáhùn: Ẹ má tún fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ibi tí ẹ́ńjìnnì kékeré ti ń fa atẹ́gùn sábà máa ń lọ sílẹ̀. Písítìnì lè tẹ atẹ́gùn pọ̀, kò lè tẹ omi pọ̀. Bí ẹ bá ń fi dandan yí i, kọ́ńrọ́ọ̀dù, irin tó so písítìnì mọ́ ọ̀pá tó ń yí, á tẹ̀. Ẹ tì í jáde, kí wọ́n wo fílítà atẹ́gùn, kí wọ́n tú púlọ́ọ̀gì kí omi lè rí ọ̀nà jáde, kí wọ́n sì pààrọ̀ ọ́ìlì kí ẹ tó tún tan án. Lọ́jọ́ iwájú, omi tó bá ń ṣàn tó sì tó bíi sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ yí padà. Ó lè gbé ọkọ̀ kékeré léfòó, táyà kì í sì í darí ohun tó ń léfòó.

Ìbéèrè: Mo ra ọkọ̀ àlòkù. Ẹni tó tà á kò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìn gbẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ṣé mo lè fi í sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ọkọ̀ bóyá bẹ́líìtì ló ń lò tàbí ṣéènì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ti di oníṣéènì, ìyẹn kò sì ní ìgbà tí wọ́n dá fún pípààrọ̀, bí ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Bó bá jẹ́ bẹ́líìtì, ẹ kà á sí pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀ rí. Kì í pariwo kó tó já. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré, àyè tí písítìnì àti fáàfù ń gbé jẹ́ ọ̀kan náà, bẹ́líìtì yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n máa yẹra fún ara wọn. Ọjọ́ tó bá já, wọ́n á kọ lu ara wọn, fáàfù á sì tẹ̀.

Ìwé ọkọ̀ á sọ iye kìlómítà àti iye ọdún tó yẹ ká pààrọ̀ rẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ pé ni ká tẹ̀ lé. Nígbà tí wọ́n bá tú u, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rólà tó ń fà á le pẹ̀lú, àti pọ́ǹpù omi bó bá jẹ́ bẹ́líìtì yẹn náà ló ń yí i, nítorí iṣẹ́ títú kan náà ni. Kí ẹ tó dé bónẹ́ẹ̀tì padà, ẹ kọ ọjọ́ náà àti iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí bẹ́líìtì níbi tí ẹni tó bá máa rà á lọ́wọ́ yín náà á ti rí i.